Ṣé eré orí tẹlifíṣàn lè yí ojú tí ọmọ fi ń wo ìwà padà?

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 16, kì í jẹ́ kí eré àtìgbàdégbà orí tẹlifíṣàn fo òun lálẹ́. Láìpẹ́ yìí ni mo gbọ́ tó ń gbèjà ọkùnrin kan nínú eré náà tó lu opó ní jìbìtì. Ó ní ìyà tó jẹ ẹ́ ló fà á. Ṣé kí n máa pa tẹlifíṣàn náà ni? Ìyá kan, Ìkéré-Èkìtì.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ọmọ yín mọ̀ pé jìbìtì burú. Ṣùgbọ́n irú eré bẹ́ẹ̀ a máa kọ́kọ́ mú wa fẹ́ràn ẹnì kan, a fi ebi àti ẹkún rẹ̀ hàn wá, kó tó di pé ó hùwà ibi, nígbà tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kì í rí ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ nínú eré náà. Onímọ̀ Dolf Zillmann ṣàlàyé pé bí adájọ́ ni òǹwòran ṣe ń jókòó ti eré: ìwà tó rí ló fi ń pinnu ẹni tí yóò fẹ́ràn. Lọ́dún 2004, onímọ̀ mìíràn, Arthur Raney, fi kún un pé bí ìfẹ́ náà bá ti wọlé tán, òǹwòran a máa wá àwíjàre fún ẹni tó fẹ́ràn nínú eré náà, a sì gbójú fo ohun tí kò ní gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni àrítúnrí. George Gerbner, onímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn ní Amẹ́ríkà ní ìparí àwọn ọdún 1960, sọ pé ẹni tó ń wo tẹlifíṣàn fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́ a máa rò pé bí ayé ṣe rí nínú rẹ̀ náà ló rí níta. Agbára yìí kò tó bí àwọn kan ṣe ń pariwo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Òfin ìpínlẹ̀ Èkìtì ti ka lílu aya léèwọ̀ láti 2011, síbẹ̀ eré tí ọkọ ti ń fọ́ ìyàwó létí, tí ẹbí sì ń pè é ní ìbáwí, kò tíì tán. Agbára kan náà lè ṣe rere: àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé Robert Jensen àti Emily Oster rí i ní àwọn abúlé Íńdíà pé lẹ́yìn tí tẹlifíṣàn kébù, èyí tó ń gba inú wáyà wọlé, dé, àwọn obìnrin tó gbà pé ó tọ́ kí ọkọ lu aya dín kù.

Nítorí náà, ẹ má pa á. Ẹ jókòó tì í. Bí eré bá parí, ẹ má fi ìwàásù bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í pé: kí ni opó yẹn jẹ lọ́jọ́ kejì? Bó bá jẹ́ ọkùnrin tí a kò mọ ìtàn rẹ̀ rárá ló lu àǹtí rẹ̀ ní jìbìtì lọ́jà Ìkéré ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó dáhùn tán. Àánú tó ní sí ẹlẹ́ṣẹ̀ kì í ṣe àbùkù, mi ò sì fẹ́ kí ẹ pa á run nínú rẹ̀. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí àánú náà kan ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ pẹ̀lú.

Bí àbúrò tí kò tíì pé ọdún 8 bá wà nílé, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ọmọ kékeré kì í sábà lè so ìwà ibi tó rí lónìí mọ́ ìyà tó dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìgbádùn tó wà láàárín ló máa ń rántí. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti sùn kí eré náà tó bẹ̀rẹ̀.