Ìnfọ́ọ̀sì 2/10, n/30: ọjọ́ wo lowó pé?

Àbúrò mi, o ní déètì ìnfọ́ọ̀sì rẹ jẹ́ 14 oṣù kẹta, owó rẹ̀ ₦400,000, owó ọkọ̀ ₦20,000 wà nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ 2/10, n/30 sí ìsàlẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ̀dínwó ìdá 2 nínú 100 wà bó o bá san láàárín ọjọ́ 10, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó o san gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ 30. Ìyẹn ò le. Ọjọ́ 15 ni wàá ka sí ọjọ́ kìíní. Bó o bá san án, ó pẹ́ tán 24 oṣù kẹta, wọ́n á yọ ìdá 2 nínú 100 fún ọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo owó pé ní 13 oṣù kẹrin.

Déètì yẹn gan-an ni kó o ṣọ́. Ní Ṣómólú tí mo ti ń tẹ̀wé, mo ra bébà lọ́wọ́ oníbébà kan lórí irú àdéhùn yìí. Ó kọ ìnfọ́ọ̀sì tán, bébà ò kúrò nílé ẹrù rẹ̀. Lónìí mọ́tò bà jẹ́, lọ́la dírẹ́bà ò wá. Ìgbà tá a fi já a sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tí òjò ti rin etí páálí, ọjọ́ ẹ̀dínwó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo sanwó kí ọjà tó pé ọjọ́ mẹ́wàá lọ́wọ́ mi, àkántáǹtì wọn ní kò sí ẹ̀dínwó, déètì orí ìwé lòun mọ̀. Kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò gbé ọjà wá lásìkò ló tún ń ka ọjọ́ sí mi lọ́rùn! Ó ṣì ń dùn mí. Kí ọjà tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ní kí wọ́n kọ ROG (receipt of goods) sí ìnfọ́ọ̀sì, ìyẹn ni pé ọjọ́ tí ọjà bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Má gba àfẹnusọ. Kọ déètì tó o gba ọjà sórí wéébìlì, kí dírẹ́bà fọwọ́ sí i.

Ẹ̀dínwó kì í kan owó ọkọ̀ o. Ìdá 2 nínú 100 lára ₦380,000 jẹ́ ₦7,600, ₦392,400 lo máa san. Bó o bá dá ọjà kankan padà, yọ owó tiẹ̀ náà kó o tó ṣírò. Má pe ₦7,600 ní owó kékeré: ogún ọjọ́ péré, láti 24 oṣù kẹta sí 13 oṣù kẹrin, lo fi ń rà, bá a bá sì ṣírò rẹ̀ fún ọdún kan, ó lé ní ìdá 36 nínú 100.

Má dúró dọjọ́ kẹwàá kó o tó fowó ránṣẹ́. Báńkì á ní owó ti lọ, ẹni tó ń retí rẹ̀ ò ní rí i, wọ́n á ní kó o ṣe sùúrù.

Bó o bá rí 2/10 EOM (end of month, ìparí oṣù), ọ̀tọ̀ nìyẹn: ẹ̀dínwó wà títí di ọjọ́ 10 oṣù tó ń bọ̀. Bí déètì ìnfọ́ọ̀sì bá ti wọ ọjọ́ 26 sókè, àwọn mìíràn máa ń fi oṣù kan kún un; bi wọ́n, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.