Má tíì ra load cell tuntun, yẹ géètì àti afẹ́fẹ́ wò ná

Ọ̀kun o, àbúrò mi ará Mọ̀pà. Mo ka gbogbo àlàyé tó o ṣe. O ní ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó ń wọn àgbàdo sápò fúnra ẹ̀ lẹ rà, 50 kílò lẹ ní kó máa wọ̀n, láàárọ̀ ó ń ṣe dáadáa, tó bá wá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ àpò á bẹ̀rẹ̀ sí í lé, òmíràn 50.4, òmíràn 50.6, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀wẹ̀ òmíràn á dín, ẹni tẹ́ ẹ pè wá wò ó sì ní load cell mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn àwọn irin tó ń mọ bí ẹrù ṣe wúwo tó, ti bàjẹ́, kẹ́ ẹ lọ wá owó ra tuntun. Jọ̀ọ́, má tíì náwó yẹn. Irú ẹ̀rọ yẹn náà la fi ń ṣiṣẹ́ ní Kàbà níbí, a fi ń wọn àgbàdo, tó bá di àsìkò kájú a fi ń wọn kájú, gbogbo ohun tó o kà sílẹ̀ yẹn ojú mi ti rí i. Load cell tó ti kú kì í sábà ṣe dáadáa láàárọ̀ kó tó wá máa ṣi ìwọ̀n kà nírọ̀lẹ́.

Wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná. Họ́pà méjì ló ní, ìyẹn agbada irin tí hóró ń wọ̀ sí. Ti òkè ni wọ́n ń da àgbàdo sí, òun ò wọn nǹkan kan. Ti ìsàlẹ̀ tó kéré ló wà lórí load cell mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì gbọ́dọ̀ fara kan nǹkan míì rárá. Géètì tó wà láàárín wọn, afẹ́fẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ló ń ṣí i, òun náà ló ń tì í. Bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ géètì á ṣí gbayawu, àgbàdo á máa ya wálẹ̀, tó bá tó bíi 45 kílò géètì á padé kù díẹ̀, á wá ku ojú kékeré kan tí àgbàdo á máa gbà sun díẹ̀díẹ̀ títí tí controller, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ìwọ̀n tó sì ń pàṣẹ fún géètì, á fi ní ó tó. Géètì á tì pátápátá, ẹ̀rọ á ní sùúrù díẹ̀ kí họ́pà má mì mọ́, torí àgbàdo tó ń já lu ìdí họ́pà ń tẹ load cell ju bó ṣe wúwo lọ, á wá ka iye tó wà níbẹ̀, ìgbà yẹn ni ìdí họ́pà á tó ṣí tí gbogbo ẹ̀ á dà sápò.

Ibi tí àpò ti ń lé tàbí tó ti ń dín jù ni àárín ìgbà tí controller ní ó tó àti ìgbà tí hóró tó kẹ́yìn balẹ̀. Ká ní kílò 10 ló ń ya wálẹ̀ ní sẹ́kọ́ǹdì kan, tí géètì bá fi sẹ́kọ́ǹdì 0.2 pẹ́, kílò 2 ti kọjá lọ nìyẹn. Ìdí tí wọ́n fi ṣe ojú kékeré yẹn nìyí o: tó bá jẹ́ kílò 1 ló ń sun ní sẹ́kọ́ǹdì kan, pípẹ́ kan náà yẹn, gíráàmù 200 péré ló máa kọjá. Nọ́ńbà kan sì wà nínú controller tí wàá fi sọ fún un pé iye báyìí ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn àṣẹ, kó yáa pàṣẹ ṣáájú. Tó o bá fún un ní kílò 0.2, ní kílò 49.8 ló máa ní kí géètì tì. Àmọ́ nọ́ńbà yẹn ò mọ nǹkan kan ju ohun tó o sọ fún un lọ. Bí géètì bá ń padé kíákíá láàárọ̀ tó wá ń fà nírọ̀lẹ́, nọ́ńbà ò yí padà, àpò á lé ni.

Afẹ́fẹ́ ẹ ni mo kọ́kọ́ fura sí nìyẹn. Ní tiwa, géèjì tó wà lára kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ń fi 6 bar hàn, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ ṣe lágbára tó, ọkàn gbogbo wa balẹ̀, a ń wá ẹ̀sùn sí controller lẹ́sẹ̀, àfi ìgbà tá a so géèjì míì mọ́ ẹnu sìlíńdà tí afẹ́fẹ́ fi ń ti géètì gan-an tá a dúró tì í. Gbogbo ìgbà tí irin tó ń di ẹnu àpò mú bá fa afẹ́fẹ́, ti géètì á já wálẹ̀ sí 4, géètì á wá máa padé bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Páìpù kan náà ni wọ́n fi bọ́ méjèèjì, ó sì ti tín-ínrín jù. Nígbà tá a fún géètì ní páìpù tiẹ̀ tá a tún fi táǹkì kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, àpò tó ń lé yẹn dáwọ́ dúró. Tìẹ lè má jẹ́ páìpù, ó lè jẹ́ rọ́bà tó ti là, ó lè jẹ́ omi tó kún ìdí táǹkì kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tẹ́nikẹ́ni ò tú dànù, ó lè jẹ́ jẹnẹrétọ̀ tí ò lágbára mọ́ tó bá ti gbóná. Ṣùgbọ́n ẹnu géètì ni kó o ti wọn afẹ́fẹ́, má gbára lé èyí tó wà lẹ́bàá kọ̀mpúrẹ́sọ̀.

Àwọn kan á sọ fún ẹ pé torí họ́pà òkè ti ń gbẹ ni, pé tó bá kún ó ń ya kíákíá. Omi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, hóró ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnjiníà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Janssen ti ṣàlàyé ẹ̀ láti 1895, pé ògiri ilé ọkà ló ń gbé ọ̀pọ̀ nínú ẹrù hóró, kì í ṣe ìsàlẹ̀ ẹ̀ nìkan. Torí náà bí họ́pà kún o, bó sàbọ̀ o, eré kan náà ni àgbàdo á máa sá jáde, àfi tó bá ti fẹ́ gbẹ tán. Ohun tó máa ń yí eré ẹ̀ padà ni àgbàdo tí ò gbẹ dáadáa, àfọ́kù ṣùkù, háríhá, òwú àpò tó já sínú ẹ̀ tó wá lọ há sí ojú kékeré yẹn. Fi nẹ́ẹ̀tì irin sẹ́nu họ́pà òkè. Kó o sì bá àwọn ọmọ tó ń da àpò sókè sọ̀rọ̀, torí tí wọ́n bá ju àpò lulẹ̀ gbì lórí pèpéle nígbà tí ẹ̀rọ ń wọ̀n lọ́wọ́, gbogbo férémù ló ń mì, controller á rò pé àgbàdo ló wọlé. Kájú ńkọ́? Hóró ẹ̀ tóbi, ojú kékeré tí àgbàdo ń gbà kọjá lè há mọ́ ọn. Ṣètò tiẹ̀ lọ́tọ̀, má fi nọ́ńbà àgbàdo wọn kájú láéláé.

Ohun kejì ni nǹkan tó ń fara kan họ́pà tó ń wọ̀n. Wàá rí àwọn bóòtù kan ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tí ò jẹ́ kó máa fì, àyè díẹ̀ ló yẹ kó wà láàárín wọn àti férémù. Mo ti fi tọ́ọ̀ṣì wo ibẹ̀ rí tí mo bá hóró àgbàdo mẹ́ta tó há síbẹ̀ ṣinṣin, eruku ti dì mọ́ wọn lára títí ó fi le bíi sìmẹ́ńtì, irin ìwọ̀n 20 kílò tá a gbé lé họ́pà ń fi 19.7 hàn. Férémù ló ń bá a gbé ìyókù. Ẹ̀rọ tó bá ń ka ìwọ̀n kéré sì ń da àgbàdo lé e ni, àpò á wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Wo kánfáàsì tó so họ́pà òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ náà, tó bá ti gan, òun náà ń gbé e. Àpò tó ń dín ní tiẹ̀, inú họ́pà ni kó o ti wá a, nǹkan tó tutù máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀ tí ò ní dà tán, ẹ̀rọ ti kà á mọ́ àpò, kò sì dé inú àpò.

Load cell wá kàn. Irin ni, wọ́n lẹ wáyà tín-tìn-tín mọ́ ọn lára, tí ẹrù bá tẹ irin yẹn iná tó ń gba inú wáyà kọjá á yí padà díẹ̀. Ó kéré gan-an o. Load cell oní 100 kílò mẹ́ta, tó o bá fún wọn ní 10 volt, tó bá jẹ́ èyí tó ń dá millivolt 2 padà lórí volt kan, kílò 1 ò ju 0.067 millivolt lọ. Ìyẹn ni ìrì òwúrọ̀ tó bá wọ inú àpótí kékeré tí wọ́n ti so wáyà wọn pọ̀ fi lè da gbogbo ẹ̀ rú. Tú àpótí yẹn wò, nù ún, jẹ́ kó gbẹ, pa rọ́bà ìdérí ẹ̀ dà. Ohun tó sì ń pa load cell ní tòótọ́ ni wẹ́dà. Wẹ́dà kan ló wá jó ẹsẹ̀ férémù fún wa nígbà kan, ó fi earth, ìyẹn wáyà tí iná wẹ́dà ń gbà padà, mọ́ ọwọ́ òsì ẹ̀rọ, ọwọ́ ọ̀tún ló ń jó, iná gba inú load cell kọjá, méjì lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Inú mi bàjẹ́ gan-an lọ́jọ́ náà. Kí ẹnikẹ́ni tó jó nǹkan lára ẹ̀rọ yẹn, tú wáyà load cell kúrò lára controller, kí earth sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ń jó gan-an.

Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé gíráàmù 400 ò tó nǹkan. Tí àpò kọ̀ọ̀kan bá fi ìyẹn lé, nínú àpò 125 o ti fi odindi àpò kan ta ọrẹ. Tó bá sì jẹ́ pé ó ń dín ni, o ń jẹ ẹni tó ra ọjà lọ́wọ́ ẹ níyà, àwọn Weights and Measures, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ìwọ̀n ọjà wò, sì lè wá ká ọ mọ́ ọn.

Nítorí náà lọ́la, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, gbé irin ìwọ̀n 20 kílò lé apá ibi tí load cell kọ̀ọ̀kan wà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fi iye kan náà hàn, tó sì padà sí òdo nígbà tó o gbé e kúrò, load cell ẹ ò ní nǹkan kan. Tọ́kan bá yàtọ̀, yẹ bóòtù àti eruku apá ibẹ̀ wò ná kó o tó dá a lẹ́bi. Lẹ́yìn ìyẹn wọn àpò mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá nírọ̀lẹ́, lórí ìwọ̀n míì tó dájú, kọ iye afẹ́fẹ́ ẹnu géètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó o fi gbogbo nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́ sí mi ká jọ wò ó.