Kì í ṣe òkè ni iṣẹ́ wà, àárín ni

Ẹ ní ọkọ̀ òfuurufú yín tí kò ní awakọ̀, tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́, máa dúró sí 65,000 ẹsẹ̀ bàtà, níbi tí bàálù èrò kì í dé, ẹ wá ń béèrè ohun tó kù tẹ́ ẹ máa bá ATC, àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfuurufú, sọ. Àtigòkè àti àtisọ̀kalẹ̀ ló kù, ibẹ̀ sì ni gbogbo wàhálà wà.

Ọkọ̀ fífúyẹ́ bíi tiyín lè lo ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó dé òkè. Atẹ́gùn tó wà láàárín 30,000 sí 40,000 ẹsẹ̀ bàtà, níbi tí bàálù èrò pọ̀ sí, lè yára jù ú lọ, kó kọjú síwájú kó máa rìn sẹ́yìn. Ẹni tó wà nídìí rédà kò lè ní kó yà fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ má béèrè ojú ọ̀nà, àyíká ni kẹ́ ẹ béèrè: àwọn igun rẹ̀, láti ilẹ̀ dé FL600 (ìyẹn 60,000 ẹsẹ̀ bàtà lórí òṣùwọ̀n ìfúnpá afẹ́fẹ́), aago tó bẹ̀rẹ̀ àti aago tó parí, kí wọ́n fi ṣe NOTAM, ìkìlọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn awakọ̀ òfuurufú. Atẹ́gùn òwúrọ̀ ọjọ́ náà lẹ máa fi ṣírò bó ṣe máa fẹ̀ tó, kì í ṣe ti àná. Kó máa yípo gòkè lójú kan, kẹ́ ẹ sì máa dá ìsàlẹ̀ padà fún wọn díẹ̀díẹ̀: "A ti kọjá FL290, ẹ lè gba ìsàlẹ̀." Ẹni tó bá di gbogbo rẹ̀ mú títí di alẹ́, wọn ò ní tètè dá a lóhùn lọ́jọ́ mìíràn.

Ó wá kan iye gíga. Ìfúnpá afẹ́fẹ́ ni ATC ń lò, kì í ṣe GPS. Gbogbo ọkọ̀ tó wà lókè ló gbé altimeter, ẹ̀rọ tó ń fi ìfúnpá wọn gíga, sí 1013.25 hPa (hPa ni òṣùwọ̀n ìfúnpá). Gíga ti ìfúnpá àti ti GPS lè fi ju 1,000 ẹsẹ̀ bàtà yàtọ̀ síra, torí náà tẹ́ ẹ bá ka GPS fún wọn, irọ́ lẹ pa láìmọ̀. Sensọ̀ náà tún ṣe pàtàkì: nílẹ̀, àṣìṣe 1 hPa jẹ́ nǹkan bí 27 ẹsẹ̀ bàtà, ní 65,000, tí ìfúnpá ti kù sí nǹkan bí 56 hPa, àṣìṣe kan náà di nǹkan bí 370. ADS-B, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó ń kéde ibi tó wà àti gíga rẹ̀, pẹ̀lú máa ń fi ìṣísẹ̀ 25 ẹsẹ̀ bàtà sílẹ̀ bọ́ sí 100 tó bá ti kọjá 50,175, ẹ̀rọ tí kò sì mọ èyí kà kò ní fi gíga kankan hàn. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń rí.

Ẹ kọ gíga sí gbogbo abala flight plan, ìwé ètò ìrìn ọkọ̀ tẹ́ ẹ máa fún ATC. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2014, flight plan U-2 kan (ọkọ̀ amí Amẹ́ríkà tó ń fò ga gan-an) tó lọ́jú pọ̀, tí gíga rẹ̀ kò pé, dé inú kọ̀ǹpútà ATC ní Los Angeles. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ gbogbo gíga wò bóyá yóò pàdé bàálù mìíràn, títí mẹ́mọ́rì rẹ̀ fi kún. Bàálù tó wà nílẹ̀ kò lè gbéra, bẹ́ẹ̀ U-2 yẹn jìnnà sókè sí gbogbo wọn.

Ní ti ìsọ̀kalẹ̀, ẹ fi Part 101 ti Amẹ́ríkà, òfin bàlúùnù tí kò ní awakọ̀, ṣe àwòkọ: ẹ máa kọ ibi tó wà sílẹ̀ ní wákàtí méjì-méjì, ó kéré tán; nígbà tó bá ku wákàtí kan kó sọ̀kalẹ̀, ẹ sọ ibi tó wà, gíga rẹ̀, aago tó máa gba 60,000 ẹsẹ̀ bàtà kọjá, ọ̀nà tó máa gbà, àti ibi tó máa balẹ̀. Ẹ fi ohun tó máa ṣe bí ìsopọ̀ bá já kún un: ìṣẹ́jú mélòó ló máa fi dúró, ibo ló máa forí lé. Nọ́ńbà ẹni tó máa wà lójúfò lóru ni kẹ́ ẹ fún wọn, kì í ṣe ti ọ́fíìsì.