X-ray ò rí eegun orúnkún ọmọ mi: ṣé ó ti yẹ̀ ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọkùnrin mi pé ọdún kan ààbọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ̀ síta díẹ̀. X-ray tí a yà fún un gbé àlàfo dúdú jáde ní orúnkún méjèèjì, eegun orí orúnkún ò sì hàn rárá. Bàbá kan tó ń to eegun ní eegun náà ti yẹ̀, pé òun máa fi ọparun dì í. Kí ni ká ṣe? (Ìyá ọmọ, Àgọ́-Ìwòyè)

ÌDÁHÙN: Ìyá ọmọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọparun di ẹsẹ̀ ọmọ yẹn o! Ohun tí ẹ pè ní àlàfo yẹn kì í ṣe àlàfo. Nǹkan wà níbẹ̀, X-ray ni kò lè rí i.

Nínú oyún, eegun rírọ̀, irú èyí tó wà ní etí, ni apá àti ẹsẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8 oyún ni èyí tó le ti ń gba ipò rẹ̀, láti àárín eegun lọ sí orí rẹ̀ méjèèjì. Iṣẹ́ ọdún gbọọrọ ni. Kálísíọ̀mù ni X-ray ń rí, kò sì tíì wọ inú eegun rírọ̀. Ti orí orúnkún máa ń tó ọdún 3 sí 6 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ká ní ti ọmọ yín hàn ni, èmi gan-an ni ẹnu ì bá yà.

Ẹ wo ẹsẹ̀ ọmọ ewúrẹ́ lọ́wọ́ alápatà ní ọjà Òkè-Ajé, n'Ìjẹ̀bú-Òde. Orí eegun tó funfun, tó ń dán, tí ọ̀bẹ ń wọ̀ wẹ́rẹ́, òun náà nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn nínú rẹ̀, nítorí náà tó bá ṣèṣe, kì í tètè san. Nítòsí ibẹ̀ ni ìpele tín-ín-rín kan wà tí ọmọ fi ń ga títí á fi bàlágà tán. Ẹni tó bá ń fà á, tó ń tẹ̀ ẹ́, lè bà á jẹ́, kí ẹsẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ. Ìdì tó le pinpin tún ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà; ọmọ tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ nítorí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Mi ò bá àgbà jà, àmọ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tí kò ṣẹ́ sílẹ̀.

Ní ti títẹ̀ yẹn, ó sábà máa ń tọ́ tí ọmọ bá ń lọ sí ọdún 2. Ṣùgbọ́n mi ò tíì fojú rí ọmọ yín. Bí ẹsẹ̀ kan bá tẹ̀ ju èkejì, bí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bá wú, bó bá ń tiro, tàbí tí títẹ̀ náà ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọdún 2, ẹ gbé e wá sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù. Ó lè jẹ́ àìtó kálísíọ̀mù. Ẹ má fúnra yín ra oògùn rẹ̀. Ní báyìí, bí ẹ bá ń se ìkókoré, ẹ lọ ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́ teegunteegun sí i.