Wọ́n ní kí n wá ṣe kóòṣì, ṣé kí n gbà á?

ÌBÉÈRÈ: Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 35 ni mí, midfíìdì ni mo gbá fún ọdún 16 kí orúnkún tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Kíláàbù tí mo ti ṣe kápútẹ́nì ti ń pè mí, wọ́n ní kí n wá di kóòṣì àgbà báyìí báyìí, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé èyí tó wà níbẹ̀, àwọn ló sì wà nísàlẹ̀ tábìlì. Kíláàbù mìíì ní kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 15, àmọ́ owó ibẹ̀ kéré gan-an. Ìyàwó mi ní èyí tó lówó ni kí n gbà. Ẹ̀rù ń bà mí sà, torí mo ti rí àwọn ìràwọ̀ ńláńlá tó ṣe kóòṣì tí wọ́n tẹ́. Kí ló ń mú kí àwọn kan yege táwọn kan ò yege? Èwo ni kí n gbà nínú méjèèjì?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè kó o tó tọwọ́ bọ̀wé, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé sí mi, ó dìgbà tí wọ́n bá lé wọn tán. Ibi tí mo fì sí ni mo máa kọ́kọ́ sọ: gba iṣẹ́ àwọn ọmọ yẹn. Jẹ́ n wá sọ ìdí ẹ̀, torí ìwọ lo máa lọ ṣàlàyé fún ìyàwó ẹ, èmi ò sí níbẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni pé mo máa ń dá àwọn tó fẹ́ gba lísẹ́ǹsì kóòṣì lẹ́kọ̀ọ́, èmi náà sì gbá bọ́ọ̀lù, kò tó tìẹ o, ṣùgbọ́n mo gbá a. Lọ́sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ọmọ kan wà nínú àwọn tí wọ́n fún mi, ọmọ ọdún 13, midfíìdì, ẹsẹ̀ ẹ̀ dùn ún wò, àmọ́ gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á kàn wá já a gbà. Mò ń pariwo "wẹ̀yìn ẹ! wẹ̀yìn ẹ!", ọmọ yẹn á gba bọ́ọ̀lù tán kó tó wẹ̀yìn, ó ti bọ́ nìyẹn. Inú bí mi, mo bọ́ sí pápá fúnra mi, mo ní kí wọ́n gbá a sí mi, mo gbà á, mo yí lẹ́ẹ̀kan, mo kọjá. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Mo ní ṣẹ́ ẹ ti rí i? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni sà. A tún bẹ̀rẹ̀, nǹkan kan náà ló tún ṣẹlẹ̀.

Bàbá kan wà tó ń wò wá, tíṣà ni tẹ́lẹ̀, kò gbá bọ́ọ̀lù kọjá ti ilé ìwé rí láyé ẹ̀. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní "ìwọ alára, ìgbà wo gan-an lo máa ń wẹ̀yìn?" Mo lanu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Mi ò mọ̀! Nǹkan tí mo ti ń ṣe láti kékeré, mi ò lè sọ ìgbà tí mò ń ṣe é. Ńṣe ni mo padà sórí pápá tí mo ń ṣọ́ ara mi bí ẹni ń ṣọ́ olè, ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń wẹ̀yìn, ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì ń lọ bá ẹni tó máa gbá a sí mi, ẹ̀ẹ̀kejì nígbà tó bá ti kúrò lẹ́sẹ̀ onítọ̀hún tó ń bọ̀. Bàbá yẹn wá ní kí ọmọ kan dúró sẹ́yìn ọmọ midfíìdì náà kó máa na ìka sókè, méjì, mẹ́rin, mẹ́ta, ẹni tó ń retí bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ pariwo iye ìka kí bọ́ọ̀lù tó kan ẹsẹ̀ ẹ̀. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra ẹ̀. Ọjọ́ yẹn lójú tì mí tó sì tún là mí.

Ohun tí ara ẹ mọ̀, ẹnu ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa ti máa ń ṣubú, torí bí nǹkan bá ṣe rọrùn fún èèyàn tó láti ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń nira fún un tó láti sọ ọ́. Àwọn sítíráíkà tí Ọlọ́run dá ẹ̀bùn lé lórí ni èyí máa ń bá jù lójú tèmi, wọ́n á ní "ṣáà gbá a síbi tí aṣọ́lé ò sí", ọmọ èèyàn á gbá a síbi tí aṣọ́lé wà, wọ́n á wá bínú, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni, wọn ò mọ̀ pé ohun tí àwọn ń rí, ojú tiẹ̀ ò rí i. Midfíìdì ló pọ̀ nínú àwọn tó ń yege: Guardiola, Ancelotti, Deschamps, Simeone, Xabi Alonso, Arteta, àárín pápá ni gbogbo wọn ti gbá, níbi tó jẹ́ pé tó ò bá mọ ibi tí àwọn mẹ́wàá yòókù wà, o ò lè ṣiṣẹ́ ẹ. Ìyẹn dáa fún ẹ. Kì í kúkú ṣe òfin o, Dino Zoff tó jẹ́ aṣọ́lé gbé Ítálì dé àṣekágbá Euro 2000.

Wàá tún pàdé àwọn tó máa sọ pé ẹni tí ò bá gbá a rí ò lè kọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Arrigo Sacchi, bàtà ló ń bá bàbá ẹ̀ tà tẹ́lẹ̀, òun ló gba ife ilẹ̀ Yúróòpù fún Milan ní 1989, tó tún gbà á ní 1990. Ògbufọ̀ ni Mourinho bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún kóòṣì Bobby Robson. Nagelsmann fara pa kó tó dé tíìmù àgbà, ọmọ ọdún 28 ni nígbà tó di kóòṣì Hoffenheim ní Jámánì ní 2016. Kí wá ni ọdún 16 tó o fi gbá bọ́ọ̀lù fẹ́ ṣe fún ẹ? Á ṣílẹ̀kùn fún ẹ, á sì jẹ́ kí àwọn plẹ́yà dákẹ́ gbọ́ ẹ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á ti wo àwọn góòlù ẹ lórí fóònù. Lọ́sẹ̀ kẹrin, nǹkan tí wọ́n máa béèrè ni pé kí la fẹ́ ṣe lọ́jọ́ Sátidé, tó ò bá ní èsì, orúkọ ẹ ò ní bá ẹ dá a lóhùn. Nǹkan kan tún wà tí bọ́ọ̀lù gbígbá máa ń fún èèyàn tí wọn kì í sábà sọ, ìyẹn ni ẹni tó kọ́ ẹ. Ancelotti àti Rijkaard wà nínú tíìmù Sacchi yẹn, àwọn méjèèjì padà gba Champions League gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì. Guardiola gbá lábẹ́ Cruyff tó jẹ́ kóòṣì Barcelona nígbà yẹn. Nítorí náà jókòó, mú bírò, kọ nǹkan tí kóòṣì tó dáa jù tó o bá ṣiṣẹ́ máa ń ṣe láàárọ̀ Mọ́ńdè lẹ́yìn tí wọ́n bá nà yín. Tó ò bá rántí, á jẹ́ pé o kàn ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà yẹn ni, o ò wò ó.

Ó yá, àwọn tó ò ń bẹ̀rù pé wọ́n tẹ́. Gary Neville gba Valencia ní December 2015, kò gbọ́ Sípáníìṣì, Barcelona nà wọ́n 7-0 ní February, wọ́n lé e kí March tó parí. Thierry Henry dé Monaco ní October 2018, January 2019 ni ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Nǹkan tó jọra nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ni pé wọ́n mọ bọ́ọ̀lù, wọ́n ń ṣàlàyé ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo ayé ń gbọ́, wọ́n sì ti ṣe igbákejì kóòṣì fún tíìmù orílẹ̀-èdè, Neville fún Íńgíláǹdì, Henry fún Bẹ́ljíọ̀mù. Igbákejì ọ̀ún ni mo fẹ́ kó o wò dáadáa. Igbákejì á dámọ̀ràn, á lọ sùn. Kóòṣì àgbà ló máa yàn, òun ló máa sọ fún ẹni tí ò yàn, tíìmù orílẹ̀-èdè sì máa ń kóra jọ fún ọjọ́ díẹ̀ ni, kíláàbù wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, plẹ́yà tó ń bínú lọ́jọ́ Tuesday ṣì máa wà níwájú ẹ ní Wednesday.

Pirlo, ìràwọ̀ midfíìdì Ítálì, ní tiẹ̀, wọ́n ní kó wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Juventus lọ́dún 2020, kò pé ọjọ́ mẹ́wàá wọ́n ti gbé tíìmù àgbà lé e lọ́wọ́. Ó gba ife méjì o, ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n líìgì tí wọ́n ti gbà lọ́dún mẹ́sàn-án léra wọn, ipò kẹrin ni wọ́n ṣe, ó sì lọ. Wá wo Zidane. Ọdún 2006 ló fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, 2016 ló gba Real Madrid. Láàárín ìyẹn ó ṣe igbákejì Ancelotti, ó tún kọ́ tíìmù kejì wọn fún bí ọdún kan àtààbọ̀, kò tiẹ̀ gbé wọn gòkè. Ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, Champions League mẹ́ta. Xabi Alonso ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí, àwọn ọmọ tí ò tíì pé 14 ló fi bẹ̀rẹ̀, ó lọ sí tíìmù kejì Real Sociedad, ó gbé wọn gòkè ní 2021, wọ́n já bọ́ padà ní 2022, ta ló gbọ́? Kò sẹ́ni tó gbọ́, kò sẹ́ni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó fi máa dé Leverkusen ní October ọdún yẹn, ó ti mọ bí jíjábọ́ ṣe ń rí, òun náà ló sì gba líìgì Jámánì 2023/24 láì pàdánù ẹyọ kan. Àwọn àgbà ní bọ́mọdé bá láṣọ tó ti bàbá ẹ̀, kò lè ní àkísà tó o. Àkísà yẹn ni mo fẹ́ kó o lọ kó jọ níbi tí kámẹ́rà ò sí.

Ọ̀rọ̀ kíláàbù tó ń pè ẹ́ wá kù. O ti ṣe kápútẹ́nì níbẹ̀, o rò pé àǹfààní ni, ìṣòro ẹ gan-an nìyẹn. Ọ̀rẹ́ ẹ tí ẹ jọ ń lo yàrá kan ṣoṣo ní hòtẹ́ẹ̀lì ṣì wà nínú tíìmù náà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ó ti ń lọ́ra, ìwọ náà mọ̀. Ọjọ́ Fúráìdé wàá pè é wọlé, wàá ní kò sí nínú àwọn mọ́kànlá. Á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, á rò pé o ń ṣeré. Lẹ́yìn náà á pè ẹ́ ní orúkọ ìnagijẹ ẹ, tí ò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ gbá bọ́ọ̀lù. Mo ti rí ọkùnrin kan tó kúrò nínú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ tó padà lọ fi ọ̀rẹ́ ẹ̀ sínú tíìmù, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́ mọ́ nínú yàrá ìmúra.

Àwọn tó ni kíláàbù ńkọ́? Wayne Rooney gba Birmingham ní October 2023, ipò kẹfà ló bá wọn, méjì péré ló borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 15, January ni wọ́n lé e. Ẹ̀bi ẹ̀ wà níbẹ̀ o, àmọ́ kóòṣì tó ń ṣe dáadáa ni wọ́n lé kí wọ́n tó mú un wá, torí wọ́n fẹ́ bọ́ọ̀lù tó tún rẹwà sí i, láàárín sáà. Bi àwọn tìẹ léèrè: kóòṣì mélòó ni wọ́n ti lé láàárín ọdún mẹ́ta, ta ló ń ra plẹ́yà, ṣé tíìmù bá já bọ́, o ṣì wà? Tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rín dáhùn, orúkọ ẹ ni wọ́n fẹ́ fi pa ẹnu àwọn alátìlẹ́yìn mọ́ fún oṣù méjì.

Ọ̀rọ̀ owó tí ìyàwó ẹ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká fọwọ́ rọ́ tì. Tí ọmọ bá wà nílé tí kò sí nǹkan mìíì tó ń wọlé, tó o sì fẹ́ gba ti àgbà yẹn, gbà á, àmọ́ sọ pé o ò wọlé láìsí igbákejì tó dàgbà jù ẹ́ lọ tó ti ṣe kóòṣì àgbà rí, ìwọ ni kó o yàn án, kì í ṣe àwọn. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n á jẹ́ kó o ráyè ṣe lísẹ́ǹsì ẹ, torí ní ọ̀pọ̀ ibi tó o bá fẹ́ gòkè lọ, orúkọ nìkan ò tó mọ́. Ní 2014 wọ́n pariwo lé Zidane fúnra ẹ̀ lórí lórí ọ̀rọ̀ lísẹ́ǹsì nígbà tó wà ní tíìmù kejì.

Tó o bá gba ti àwọn ọmọ, ọjọ́ kìíní gan-an, fi fóònù sápò kó o gba ohùn ara ẹ sílẹ̀ láti ìgbà tó o bá fọn fèrè títí tẹ́ ẹ fi máa parí. Tó o bá délé, gbọ́ ọ. Ka iye ìgbà tó o sọ pé "wo bí mo ṣe ṣe é" àti iye ìgbà tó o bi ọmọ kan ní ìbéèrè. Fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn oṣù kan.