Ṣé mo lè tún ìwé ọ̀fẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi?

Ìbéèrè: Statistics ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìwé ti wọ́n ju agbára wọn lọ; fọtokọ́pì tó ti ṣú ni wọ́n ń kà. Mo rí ìwé OpenStax lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà àti dọ́là ló kún inú rẹ̀. Ṣé mo lè tún un ṣe, kí n fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é, bí ìwé náà bá gbà yín láàyè. Ìwé tí a rí kà lọ́fẹ̀ẹ́ lè má ṣeé tún kọ. Ẹ wo àwọn ojú ewé ìṣáájú, kí ẹ wá àmì Creative Commons níbẹ̀, ìyẹn àṣẹ tó ń sọ ohun tí a lè fi ìwé náà ṣe. CC BY ló rọrùn jù: ẹ tún un ṣe bó ṣe wù yín, ẹ ṣáà dárúkọ ẹni tó kọ ọ́, kí ẹ sì sọ pé ẹ ti fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá rí ND lára àmì náà, ẹ kò gbọdọ̀ pín èyí tí ẹ tún ṣe. NC kò fẹ́ kó di ọjà. SA ní kí ẹ fi irú àṣẹ kan náà sórí tiyín. Yunifásítì Rice ní Houston ló ń gbé ìwé OpenStax jáde láti 2012. CC BY ni wọ́n fi sórí ọ̀pọ̀ wọn, àmọ́ NC àti SA wà lórí ti calculus, nítorí náà ti ìwé ọwọ́ yín gan-an ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ yẹ àwòrán inú rẹ̀ wò lọ́tọ̀. Ó lè jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Inú àpẹẹrẹ ni iṣẹ́ wà. Bí ẹ bá pa John rẹ́, tí ẹ kọ Àdìó, tí dọ́là di náírà, ìwé náà kò tíì kúrò ní Amẹ́ríkà. Ẹ mú gàrí. Kóńgò ni gbogbo ìyá ọlọ́jà ń pe òṣùwọ̀n rẹ̀, àmọ́ òmíràn ti tẹ ìdí tirẹ̀ wọnú, òmíràn sì ń bù ú ga gègèrè. Ẹ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ra kóńgò kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ọlọ́jà mẹ́wàá, kí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, kí wọ́n wá ìpíndọ́gba rẹ̀ àti standard deviation, ìyẹn bí ti ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan ṣe ń jìnnà sí ìpíndọ́gba náà tó. Ẹni tí wọ́n ti rẹ́ jẹ lọ́jà rí kò ní béèrè ohun tí standard deviation wà fún.

Orí kan péré ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ fi kọ́ kíláàsì kan, kí ẹ tún ibi tó bá ti ń dà wọ́n láàmú kọ. Àwọn tó ń fi handout jẹun lè máa wò yín níwòkuwò; ẹ má dá wọn lóhùn. Fóònù ni àwọn ọmọ yóò fi kà á, nítorí náà ẹ fi orí kọ̀ọ̀kan sí fáìlì tirẹ̀, kó lè gba WhatsApp kọjá láìjẹ dátà púpọ̀. Kí ẹ sì fi fáìlì Word rẹ̀ ti PDF lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí olùkọ́ kan ní Kánò yóò fẹ́ yọ kóńgò kúrò, kó fi mudu sí i.