Ṣé ìlù Yorùbá ló di boogie-woogie? Àwọn wo ló sì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́?

Ìbéèrè tó wá sọ́dọ̀ wa ni pé irú orin píánò wo ni wọ́n ń pè ní boogie-woogie, àwọn wo ló dá a sílẹ̀, àti pé ṣé òótọ́ ni ohun tí àwọn kan ń sọ, pé ìlù ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn ẹrú gbé dé Amẹ́ríkà ló di orin náà.

Boogie-woogie jẹ́ ẹ̀ka kan lára blues, orin àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, ijó ni wọ́n sì torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló sábà máa ń tẹ̀ ẹ́, àmọ́ iṣẹ́ odindi ẹgbẹ́ olórin ló ń ṣe. Ọwọ́ òsì á di ohùn ìsàlẹ̀ kan mú, á máa tún un tẹ̀ láìsinmi, ẹ̀ẹ̀mẹjọ nígbà tí oníjó bá fẹsẹ̀ kilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọwọ́ ọ̀tún á wá ráyè ṣe tirẹ̀ lókè: á fọhùn, á dákẹ́, á tún gbólóhùn kan náà pè, á gbọ̀n rìrì, á sáré ṣíwájú òsì tàbí kó mọ̀ọ́mọ̀ fà sẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ bí omele ṣe ń di ìlù mú kí ìyáàlù tó lè sọ̀rọ̀ ti mọ ètò orin yìí. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni pé ara ẹnì kan náà ni omele àti ìyáàlù wà, ọwọ́ òsì kò sì gbọdọ̀ mọ̀ pé ọ̀tún ń ṣe nǹkan kan.

Ìjọra yẹn ló mú kí àwọn èèyàn wa máa sọ pé tiwa ni. Mi ò fara mọ́ ọn. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà wá láti Senegambia, Kongo, Angola, ilẹ̀ Ìgbò àti ọ̀pọ̀ ibòmíràn. Kúbà àti Brazil ni wọ́n kó púpọ̀ jù lọ nínú àwọn èèyàn tiwa lọ, ìdí nìyẹn tí bàtá fi ń dún ní Kúbà títí dòní, tí orin òrìṣà kò sì parẹ́ ní Brazil. Ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé ọgbọ́n kí ìlù kan dúró kí èkejì máa sọ̀rọ̀ jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ní Áfíríkà, ọgbọ́n náà kò sì kú sí oko ẹrú. Ní 1739, àwọn ẹrú ṣọ̀tẹ̀ ní Stono ní South Carolina. Nígbà tó di 1740, ìjọba ibẹ̀ fòfin de ìlù àti fèrè lọ́wọ́ ẹrú. Wọ́n wá ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fẹsẹ̀ kilẹ̀, wọ́n ń lu itan àti àyà ara wọn. Nígbà tí píánò bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ-ọmọ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, wọ́n lù ú.

Ibi tí ẹ̀rí pọ̀ sí jù nípa ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ìlà-oòrùn Texas àti apá Louisiana tó bá a pààlà, ní nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Igbó igi páìnì ló kún ibẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n fòpin sí ẹrú ní 1865, ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ di agégẹdú, àwọn mìíràn ń gba oje igi páìnì tí wọ́n fi ń ṣe tapẹntáìnì, àwọn mìíràn sì ń tẹ́ ojú irin gba inú igbó náà kọjá. Inú àgọ́ iṣẹ́ ni wọ́n ń gbé. Nínú àgọ́ bẹ́ẹ̀, ahéré kan á wà tí wọ́n to àgbá ọtí sí, tẹ́tẹ́ á wà níbẹ̀, píánò kan á sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn nígbà náà. Òṣìṣẹ́ tó ti fi àárọ̀ dálẹ́ gégi fẹ́ jó, ariwo ọtí pọ̀, píánò fúnra rẹ̀ ti fọ́ níbì kan. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun ní láti tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, ibi tí agbára ọwọ́ òsì yẹn ti wá nìyẹn. Bí ó bá tẹ̀ tán lálẹ́ yìí, á fò mọ́ ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù, ó di àgọ́ mìíràn.

Ọkọ̀ ojú irin wọnú orin náà gan-an. Ìlú Marshall ní Texas, tó jẹ́ ojúkò ilé iṣẹ́ ojú irin Texas and Pacific láyé ìgbà náà, kéde ara rẹ̀ ní 2010 pé òun ni wọ́n ti bí boogie-woogie. Lead Belly, olórin blues tí wọ́n bí ní ẹ̀bá Mooringsport ní Louisiana, tí kò jìnnà sí ibẹ̀, sọ pé láti nǹkan bí 1899 ni òun ti gbọ́ irú píánò yìí ní agbègbè adágún omi Caddo. Èmi gba ẹ̀rí Texas yìí gbọ́. Ṣùgbọ́n orin tí àwọn alárìnkiri ń gbé kiri àgọ́ kò lè ní ojúlé kan ṣoṣo.

Àwọn tó ṣe é ní àgọ́ ò ṣe àwo orin, orúkọ ọ̀pọ̀ wọn ti sọnù. Orúkọ tí a kọ́kọ́ rí dì mú ni ti ìdílé Thomas ní Houston. George Thomas tẹ «New Orleans Hop Scop Blues» jáde ní ìwé orin ní 1916, òun àti àbúrò rẹ̀ Hersal sì tẹ «The Fives» jáde ní 1922. Ọmọdé ni Hersal, kò tíì pé ogún ọdún nígbà tó kú ní 1926, síbẹ̀ «The Fives» yìí ni àwọn ọ̀gá tó dé lẹ́yìn ní Chicago sọ pé àwọn fi kọ́ iṣẹ́.

Chicago ni orin náà ti di ńlá. Àìmọye adúláwọ̀ ló kúrò ní gúúsù lọ síbẹ̀ láti wá iṣẹ́, owó ilé sì wọ́n. Ẹni tí owó ilé bá há mọ́ lọ́rùn á pe àríyá sínú yàrá rẹ̀, á gba owó díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á ta oúnjẹ àti ọtí, á sì wá ẹni tó mọ píánò. Jimmy Yancey jẹ́ àgbà láàárín wọn. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ti jó kiri Amẹ́ríkà àti Yúróòpù pẹ̀lú àwọn òṣèré. Nígbà tó dàgbà, iṣẹ́ tó fi ń jẹun ni títọ́jú pápá ìṣeré White Sox, ẹgbẹ́ eléré baseball kan ní Chicago, ó sì ṣe é fún nǹkan bí ọdún 25. Kò gba àwo kankan sílẹ̀ títí di 1939. Ọwọ́ òsì rẹ̀ rọ̀, kì í kánjú. Ẹ sì máa gbọ́ ìlù habanera ti Kúbà níbẹ̀. Tẹ́nikẹ́ni bá ń wá ohun tó so orin yìí mọ́ Kúbà, ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Clarence Smith, tí wọ́n ń pè ní Pine Top, ọmọ Alabama, ló fi orúkọ náà mọ́ etí aráyé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá 1928, ó gba «Pine Top's Boogie Woogie» sílẹ̀ ní Chicago. Nínú àwo náà ó ń bá àwọn oníjó sọ̀rọ̀: ó sọ ìgbà tí wọ́n máa dúró gbagidi àti ìgbà tí wọ́n máa gbọn ara. Ní oṣù Kẹta 1929, ọta ìbọn bà á ní ilé ijó, ó kú lẹ́ni ọdún 24. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí ní 1938 ẹgbẹ́ olórin Tommy Dorsey tún orin yẹn ṣe, ó sì tà káàkiri Amẹ́ríkà.

Inú ilé kan náà pẹ̀lú Pine Top ni Albert Ammons àti Meade Lux Lewis ń gbé, awakọ̀ takisí ni àwọn méjèèjì. Lewis gba «Honky Tonk Train Blues» sílẹ̀ ní 1927. Gbogbo ìró ọkọ̀ ojú irin ló wà nínú rẹ̀, bí irin ṣe ń lu irin títí dórí fèrè. Lẹ́yìn náà, Lewis pòórá. John Hammond, ọkùnrin kan tó ń wá olórin kiri, ń wá a títí, Ammons ló wá júwe rẹ̀ fún un ní 1935: ó ń fọ mọ́tò ní Chicago.

Hammond yìí ló kó Ammons, Lewis àti Pete Johnson ará Kansas City, pẹ̀lú akọrin Joe Turner, wá sí gbọ̀ngàn Carnegie Hall ní New York ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá 1938. Orin ahéré ọtí wọ gbọ̀ngàn àwọn ọlọ́lá, gbogbo ìlú sì fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́ ní Café Society, ilé fàájì tí funfun àti dúdú ti ń jókòó pọ̀, ohun tó ṣọ̀wọ́n nígbà náà. Alfred Lion, tó wá láti Jámánì, gbọ́ wọn lálẹ́ Carnegie, ó sì pe Ammons àti Lewis láti wá gba orin sílẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní 1939; bí ilé iṣẹ́ àwo orin Blue Note ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí ẹ má rò pé ọkùnrin nìkan ló mọ̀ ọ́n: Mary Lou Williams ló kọ «Roll 'Em» fún ẹgbẹ́ olórin Benny Goodman ní 1937, Hazel Scott náà sì ń tẹ̀ ẹ́ ní Café Society.

Ammons tẹ píánò níbi ayẹyẹ ìbúra Ààrẹ Truman ní 1949, ó sì kú lọ́dún náà gan-an. Aráyé ti ń bọ́ sídìí orin mìíràn nígbà yẹn, àmọ́ ọwọ́ òsì náà ò lọ: ẹ gbọ́ Fats Domino, ẹ gbọ́ Little Richard, àwọn olórin rock and roll, ẹ ó bá a níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ, ẹ mú «Honky Tonk Train Blues», kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí ọwọ́ òsì nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ tó tún un gbọ́ nítorí ọ̀tún. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sọ́dọ̀ Yancey ti 1939, kí ẹ tó dé orí àwọn èyí tí Ammons àti Johnson jọ tẹ̀ lórí píánò méjì ní 1941.